Adìẹ Kejì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ ewé ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ lónìí, ewé àti eegun. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe oníṣègùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni mí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Ìjẹ̀gùn kò jẹ́ kí n dákẹ́. Nígbà tí mo tọ ipa rẹ̀ lọ sínú ìwé, mo rí i pé ìtàn gidi ni: apá kan rẹ̀ wà nílẹ̀ wa, apá kan wà ní Liverpool, apá kan wà ní Moscow, apá kan sì wà nílẹ̀ Íńdíà.

Ẹni tí kò bá mọ Ìjẹ̀gùn, kí ó gba Ìkòtún wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí katakata tí ń la ọ̀nà bẹ́ páìpù epo, tí iná sì pa ènìyàn púpọ̀. Àwa tí a dàgbà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n fún ohun mìíràn pẹ̀lú: ọ̀nà tí òjò ti jẹ, àti ọ̀kadà tí ń yọ́ gba àárín kòtò kọjá. Ní ọdún 2011, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀kadà wọ̀nyí gbé àbúrò mi ọkùnrin ṣubú. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. Eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì.

Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá wa ní ọsibítù ni kí a gbé e lọ. Bàbá wa ní ọsibítù yóò gé ẹsẹ̀ ọmọ òun ni, àti pé owó rẹ̀ gan-an kò sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló parí ọ̀rọ̀: ó ní kí a kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ ya fọ́tò eegun, kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ń to eegun ládùúgbò wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe.

Bàbá náà gbé fọ́tò sókè sójú oòrùn, ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ mi ti rí i kí ẹ tó yà á.” Ó fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, ó fi ìka tọ eegun náà lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá wa sì di ọmọ mú láyà. Igbe tí àbúrò mi ké lọ́jọ́ náà, mo ń gbọ́ ọ títí di òní. Nígbà tí eegun wọlé, bàbá lẹ ewé gígún mọ́ ọn, ó fi aṣọ wé e, ó to pákó ọparun wẹ́wẹ́ yí i ká, ó sì fi okùn dì í. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ẹ mú adìẹ wá.”

Ìyá mi, tí ń ta adìẹ ní ọjà Ìkòtún, mú ọ̀kan wá. Bàbá ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ náà ní ọ̀gangan ibi tí ti ọmọ ti ṣẹ́, ó lo ewé kan náà fún un, ó sì fi ìgbá pákó kékeré dì í. Ó ní, “Ọjọ́ tí adìẹ yìí bá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé ti ọmọ yín ń bọ̀ lọ́nà.”

Ìyá mi wò ó títí, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn adìẹ tí mò ń tà, bí ẹsẹ̀ wọn bá ṣẹ́ nínú àgò, òmíràn a máa jinná láìsí ewé kankan. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ewé yín ni?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ìyá ọmọ, ṣé kí n fi ti ọmọ yín sílẹ̀ láìfi ewé sí i ni, kí a fi wò ó?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá mi ni mo gbé wá sí iléèwé gíga, òun ni mo sì ń bá kiri títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo adìẹ yìí dáadáa kí a tó tẹ̀ síwájú. Àṣà náà kì í ṣe ti Ìjẹ̀gùn nìkan. Àwọn dókítà tó kọ̀wé lórí àwọn tí ń to eegun ní Nàìjíríà ti mẹ́nu bà á lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa ọ̀mọ̀wé sábà máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ni àwọn onímọ̀ ń ṣe ní yàrá ìwádìí? Wọ́n a ṣẹ́ eegun eku tàbí ehoro, wọ́n a fún un ní oògùn, wọ́n a sì máa ka ọjọ́. Ohun tí bàbá ń ṣe gan-an nìyẹn. Ohun méjì péré ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni adìẹ kejì, èyí tí a ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tí a ó dì bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí a kò ní fi ewé sí. Èkejì ni ìwé tí a ó kọ ohun tí a bá rí sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni ẹni tí kò ka ìwé ìṣègùn ti ń to eegun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin ará Wales kan, Evan Thomas, ń to eegun ní Liverpool. Kì í ṣe dókítà. Àtìrandíran ni iṣẹ́ náà nínú ìdílé wọn, àwọn dókítà sì ń pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù. Ó rán ọmọ rẹ̀, Hugh Owen Thomas, lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ọmọ náà, tó gbé ayé láti ọdún 1834 sí 1891, ló ṣe ọ̀pá irin tí a fi ń na ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè káàkiri ayé. Robert Jones, ìbátan ìyàwó rẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló mú kí wọ́n máa lò ó nígbà ogun 1914 sí 1918, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ sójà tí ìbọn fọ́ nítan. Ní ọdún 1867, James Paget, oníṣẹ́ abẹ olókìkí ní Lọ́ńdọ̀nù, ti sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n kọ́ ohun rere tó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń to eegun, kí wọ́n sì yẹra fún èyí tó burú níbẹ̀.

Ogun náà ló bí ọsibítù eegun tiwa. Àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú ní Ìgbòbì. Ibẹ̀ sì di ọsibítù ní ọdún 1945. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth ṣèbẹ̀wò ní ọdún 1956, wọ́n sọ ọ́ ní ọsibítù ọba. Nítorí náà, bí a bá rí dókítà ní Ìgbòbì tó ń fi irin na ẹsẹ̀, kí a rántí pé ọ̀kan nínú gbòǹgbò ìmọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá kan tí kò gba ìwé ẹ̀rí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìdílé Thomas gbé ohun tí wọ́n mọ̀ lọ síwájú àwọn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n pákó àti irin kàn ń di eegun mú ni. Kí ni ń so ó pọ̀? Ìdáhùn wà nínú ohun tí àwa fúnra wa ti ń pè ní mùdùnmúdùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1869, Goujon, ará Faransé, mú mùdùnmúdùn láti inú eegun ẹranko, ó gbé e sí ibòmíràn lára, eegun tuntun sì hù níbẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1965, Marshall Urist ní Los Angeles fi ásíìdì yọ ohun líle inú eegun kúrò, ó tẹ ìyókù bọ inú ẹran ara ẹranko, eegun sì tún hù. Èyí fi hàn pé ohun kan wà nínú eegun tí ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wá. Ní ọdún 1966 àti lẹ́yìn rẹ̀, Alexander Friedenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Moscow rí àwọn òṣìṣẹ́ náà: sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn, kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè bí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè di eegun. Ní ọdún 1991, Arnold Caplan ní Amẹ́ríkà fún irú wọn ní orúkọ tí ayé wá mọ̀ wọ́n sí. Èmi yóò máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ìyá.

Sẹ́ẹ̀lì ìyá dà bí ọmọ tí kò tí ì yan iṣẹ́. Ó lè di eegun, ó lè di kèrékèré, ó lè di ọ̀rá. Bí eegun bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dì síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí a péjọ, wọ́n a kọ́kọ́ fi kèrékèré rírọ̀ di àlàfo náà, lẹ́yìn náà ni eegun líle yóò rọ́pò rẹ̀. Títún un ṣe kí ó bá ti àtẹ̀yìnwá mu a máa gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ọdún. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ohun kan tí wọ́n ń pè ní Runx2 ni ó dà bí ọ̀gá tí ń pàṣẹ pé, “Iṣẹ́ eegun ni kí o ṣe.”

Ibí yìí ni ewé ti wọlé. Igi kan wà nílẹ̀ Íńdíà, àjàrà tí ara rẹ̀ ní igun mẹ́rin, tí a sì máa ń rí nílẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Orúkọ rẹ̀ lédè Látìn ni Cissus quadrangularis. Àwọn ará Íńdíà ń pè é ní hadjod, ìyẹn ni “aso-eegun-pọ̀”. Ìbátan rẹ̀ kan, Cissus populnea, ni àwọn Ìgálà àti Ìdọ̀mà ń pè ní okoho, tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ tó ń yọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Udupa àti Prasad, ní Varanasi nílẹ̀ Íńdíà, ṣẹ́ eegun àwọn ẹranko, wọ́n fún apá kan ní hadjod, wọn kò fún apá kejì. Ẹ̀yin ará, adìẹ kejì nìyẹn! Àwọn tó gba hadjod tètè jinná. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọdún 2009, àwọn mìíràn tẹ̀lé ipa náà dé inú mùdùnmúdùn: wọ́n fi èròjà tí a yọ jáde láti inú igi náà sórí sẹ́ẹ̀lì ìyá eku nínú àwo, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì pọ̀ sí i, wọ́n sì yà sí iṣẹ́ eegun.

Kì í ṣe hadjod nìkan. Láti inú ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò tipẹ́, Epimedium, ni wọ́n ti yọ èròjà tí à ń pè ní icariin. Láti inú gbòǹgbò Drynaria ni wọ́n ti ń rí naringin. Quercetin wà nínú àlùbọ́sà tí a ń gé sí ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá fi ìwọ̀n tó yẹ nínú àwọn wọ̀nyí sórí sẹ́ẹ̀lì ìyá, ọ̀gá tí mo pè ní Runx2 a jí sí iṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì a sì bẹ̀rẹ̀ sí kó kálísíọ̀mù jọ. Aró pupa kan wà tí ń mú kálísíọ̀mù. Bí wọ́n bá dà á sí àwo, ojú lásán ni a ó fi rí i pé èyí tó rí oògùn pupa ju èyí tí kò rí i lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Inú àwo àti ara eku ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ yìí ṣì wà. Ti ara ènìyàn kò tó nǹkan. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ kò lè dé ìwọ̀n tí wọ́n ń dà sínú àwo. Ewé náà sì lè pani lára. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ewé kan, comfrey, tí wọ́n ń pè ní ohun tí ń hun eegun pọ̀ láyé àtijọ́. A ti wá mọ̀ pé bí ènìyàn bá ń mu ún, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Orúkọ dídùn kò tó ẹ̀rí.

Èyí tó burú jù ni pé kò sí ewé tó lè tún ohun tí okùn bá bà jẹ́ ṣe. Nígbà tí àbúrò mi wà lọ́dọ̀ bàbá, bíríkìlà ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tí apá rẹ̀ ṣẹ́. Bàbá di okùn mọ́ ọn lára jù. Lọ́jọ́ kẹta ìka rẹ̀ tutù, lọ́jọ́ karùn-ún ó dúdú, ó sì ń rùn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì gé apá náà nísàlẹ̀ ìgunpá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ó ń tú okùn ẹsẹ̀ àbúrò mi, tí ó ń tẹ ìka rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń padà síbẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló kọ́ ọ. Kò sí ìwé tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ń to eegun ní Ìgàndò tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò ní ẹni tó gbìyànjú. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tó kú ní ọdún 1935, bójú wo ewé àti egbò ilẹ̀ wa nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà wọ́n sí. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú gbòǹgbò orin àtà wọ yàrá ìwádìí nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1971. Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo láàárín wa, kó orúkọ ewé, ìlò wọn àti ọfọ̀ wọn jọ fún ọdún púpọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní Brazil ní ọdún 1995. Ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀ pé òkèèrè ni wọ́n ti tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2022, mo padà sí ilé bàbá tó to ẹsẹ̀ àbúrò mi. Ó ti kú láti ọdún márùn-ún. Ọmọ rẹ̀ tí ń wa kórópe ló gbà mí lálejò. Mo bi í nípa ewé náà. Ó ní, “Àbúrò mi, ewé márùn-ún ni bàbá ń gún pọ̀. Mo mọ méjì, nítorí èmi ni wọ́n ń rán lọ já wọn. Àwọn mẹ́ta yòókù, òru ni bàbá fúnra wọn ń lọ já wọn.” Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì ló lágbára. Ó ní òun kò mọ̀, bàbá kò sọ.

Mo jókòó sínú ọgbà náà, inú mi sì bàjẹ́. Bàbá ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ tí a kò lè kà fún ogójì ọdún. Ìmọ̀ ogójì ọdún, ewé méjì ló kù. Bó bá jẹ́ pé ewé náà ṣiṣẹ́ ni, a ti pàdánù oògùn. Bó bá jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ bàbá àti ara ọmọ nìkan ló ṣe é, a ti pàdánù ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá mi.

Èmi kò dá bàbá lẹ́bi pé ó fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni, ta ni ìbá sì san nǹkan kan fún un bó bá sọ ọ́? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí a bá fẹ́ kí àwọn àgbà sọ, a gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe àdéhùn, kí a kọ orúkọ wọn sí ara iṣẹ́ náà, kí èrè rẹ̀ sì kàn wọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọlidé ń bọ̀. Olúkúlùkù wa ni ó ní ilé tí ó ń lọ, kò sì sí àdúgbò tí kò ní ẹni tí ń to eegun. Ẹ mú ìwé lọ́wọ́. Ẹ kí wọn bó ti yẹ kí a kí àgbà. Ẹ béèrè orúkọ ewé, ibi tí wọ́n ti ń já a, ìwọ̀n rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ń tú okùn. Ẹ béèrè àwọn tí kò jinná pẹ̀lú, nítorí ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ já ẹ̀ka kan wá fún àwọn onímọ̀ ewéko wa, kí wọ́n lè sọ orúkọ rẹ̀ lédè Látìn. Àwa ọmọ ẹ̀ka ìtàn àti ẹ̀ka èdè ni a lè ṣe èyí; kò gba ẹ̀rọ. Ti adìẹ kejì, kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì gbà á lọ́wọ́ wa.

Àbúrò mi ti di ọkùnrin. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún ni adìẹ náà fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ ni òun ju ọ̀pá sílẹ̀. Ojúgun rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí a bá ti jókòó pọ̀, bàbá wa a ní ewé ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa a ní ọwọ́ bàbá ni. Ìyá wa kì í dá sí i. Ó kàn máa ń wí pé, “Ẹ bá mi ṣẹ́ adìẹ kejì ná.”